144,579: Nọ́ńbà tó dá awuyewuye sílẹ̀ ní Kàbà, àti ohun tí ìṣirò sọ nípa rẹ̀

Ìpàdé ọmọ ìlú kan la ń ṣe ní Kàbà lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò sì le rárá. A fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba nípa omi ẹ̀rọ, a sì ní láti sọ iye ènìyàn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú nínú rẹ̀. Akọ̀wé wa ka iye tó wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ jáde: 144,579. Kò tíì dákẹ́ tí ẹ̀gbọ́n kan fi dìde, ó ní irọ́ ni, 144,759 ló wà nínú ìwé tòun. Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn. Ta ló fi ọgọ́sàn-án ènìyàn kún un? Àbí ta ló yọ wọ́n kúrò? Àwọn kan ní orúkọ òkú ni wọ́n kó sínú ìwé. Àwọn mìíràn ní odidi abúlé kan ni wọ́n gbàgbé, wọ́n tilẹ̀ ti ń dárúkọ abúlé ọ̀hún. Wákàtí kan gbáko la fi pariwo mọ́ ara wa.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé owó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé ìwé méjèèjì wá. Ó yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó tóbi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Kò sẹ́ni tó jí ènìyàn gbé o. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ ìwé yìí ló gbé 5 sípò 7, tó gbé 7 sípò 5. Ẹ lọ wo ìwé àwọn tó ka ènìyàn, ẹ ó mọ ẹni tó ṣì í.” Wọ́n lọ wò ó, 144,579 ló sì wà níbẹ̀.

Báwo ni Bàbá ṣe mọ̀, nígbà tí kò rí ìwé ìjọba? Ìbéèrè yìí ni mo gbé dé ilé, n kò sì lè sùn àfìgbà tí mo yẹ nọ́ńbà náà wò tinú tẹ̀yìn. Mo wá rí i pé nọ́ńbà ní ìwà, bí ènìyàn ṣe ní ìwà. Ìwà 144,579 ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí pé ẹni tó bá mọ ìwà nọ́ńbà, ó ṣòro kí wọ́n tó fi nọ́ńbà rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2006 ni wọ́n ka gbogbo ènìyàn tó wà ní Nàìjíríà, 140,431,790 ni wọ́n sì ní a jẹ́. Ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1991 láti ara Kwara àti Benue, ní 3,314,043 nínú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlélógún ló pín iye yìí láàárín ara wọn, èyí tó kan Kàbà-Bùnú sì ni 144,579. Kì í ṣe ọmọ Owé àti ọmọ Bùnú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ibẹ̀ lákòókò ìkànìyàn náà ni wọ́n kà, ìbáà ṣe àlejò tó wá dáko.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní ilẹ̀ Òkun, ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí tó jinlẹ̀ ju èèwọ̀ lásán lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, abẹ́ àwọn Núpé tó wà ní Bídà ni ọ̀pọ̀ ìlú Òkun wà, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹrú kún un. Ọdún 1897, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kàbà kọjá lọ bá Bídà jà, ni àjàgà yẹn tó já. Ẹni tó bá wá ka orí láyé ìgbà náà, kì í ṣe pé ó fẹ́ gbẹ́ kànga fún ni. Lóde òní, ọ̀rọ̀ ti yí padà: orí ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó pín owó láti Àbújá, nítorí náà ìlú tí wọ́n bá ka iye rẹ̀ kù, òun ló pàdánù. Ìdí nìyí tí ọgọ́sàn-án ènìyàn fi lè da ìpàdé rú.

Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ní kó ka nọ́ńbà náà fún mi. Ó kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi. Mo ní kó kà á ní Yorùbá, ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ṣe é kà ní Yorùbá?” Ó ṣe é kà, orúkọ rẹ̀ kò sì gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: ọ̀kẹ́ méje, ẹgbàajì àti ẹgbẹ̀ta ó dín mọ́kànlélógún.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, nítorí náà ọ̀kẹ́ méje jẹ́ 140,000. Ẹgbàá jẹ́ igba mẹ́wàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàajì sì jẹ́ ẹgbàá méjì, 4,000. Ẹgbẹ̀ta jẹ́ igba mẹ́ta, 600. Tí a bá yọ mọ́kànlélógún kúrò nínú 600, ó di 579. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 144,579 géérégé ni yóò bọ́ sí.

Owó ẹyọ ló bí àwọn orúkọ ńláńlá yìí. Ogójì ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ló ń di ẹgbàá kan. Tí ẹgbàá bá pé mẹ́wàá, wọ́n á kó wọn sínú àpò, àpò yẹn gan-an ni à ń pè ní ọ̀kẹ́. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Kàbà-Bùnú mú ẹyọ kan wá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ohun tí a máa rí ni ọ̀kẹ́ méje, ẹgbàá méjì, okùn mẹ́rìnlá, àti ẹyọ mọ́kàndínlógún tí kò tó okùn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ Adolphus Mann, tó gbé láàárín àwọn Yorùbá, kọ ìwé nípa òǹkà wa lọ́dún 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn tó ń ka owó ṣe máa ń da ọ̀kẹ́ kan sílẹ̀, tí wọ́n á kúnlẹ̀ tì í, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún. Tí wọ́n bá fa márùn-ún lẹ́ẹ̀mejìlélógún wọ́n ti ṣì í kà nìyẹn, nítorí ogún ìgbà ló yẹ kí wọ́n fà á kó tó pé ọgọ́rùn-ún kan. Ọgọ́rùn-ún méjì ni wọ́n á wọ́ papọ̀ di igba, igba náà ni wọ́n á sì máa gbá jọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ohun tó máa ń ya àwọn àjèjì lẹ́nu jù nínú òǹkà wa ni pé a fẹ́ràn láti máa yọ kúrò. Gẹ̀ẹ́sì á ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún àti mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àwa á wo iwájú, a rí 600 tó ti sún mọ́ tòsí, a á sì ka ohun tó kù ká débẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ìdí nìyẹn tí òǹkà Yorùbá fi le. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀ta náírà lọ́kàn tó sì mọ̀ pé mọ́kànlélógún ló kù òun kù, kò nílò kó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò ohun tí yóò yá.

Ogún ni òpó ilé òǹkà yìí. Ogún lọ́nà ogún jẹ́ irinwó. Irinwó lọ́nà ogún jẹ́ ẹgbàárin, ìyẹn 8,000. Ẹgbàárin lọ́nà ogún sì jẹ́ 160,000, tí í ṣe ọ̀kẹ́ mẹ́jọ géérégé. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn nọ́ńbà wa, ẹgbàárin méjìdínlógún ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn 144,000. Irinwó kan tẹ̀ lé e. Ohun tó kù sì jẹ́ 179, ìyẹn ọgọ́sàn-án ó dín ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré! Ká ní wọ́n ka ọmọ tuntun kan sí i, 144,580 ni ì bá jẹ́, ìyẹn ogún lọ́nà 7,229, láìṣẹ́kù. Ẹ fi ẹyọ kan yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Bàbá. Àṣírí rẹ̀ wà nínú mẹ́sàn-án.

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ fẹ́ pín iṣu fún ènìyàn mẹ́sàn-án. Tí iṣu bá jẹ́ mẹ́wàá, olúkúlùkù gba ẹyọ kan, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, olúkúlùkù gba mọ́kànlá, ẹyọ kan á tún ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún, wọ́n á gba 111, ẹyọ kan náà ni yóò ṣẹ́kù. Kódà kó jẹ́ 100,000, 11,111 ni tẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò wà nílẹ̀. Ẹ wá wo 144,579 bí òkìtì iṣu. 100,000 kan wà níbẹ̀, ó ṣẹ́ ẹyọ kan kù. 10,000 mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n ṣẹ́ mẹ́rin kù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ṣẹ́ mẹ́rin kù, ọgọ́rùn-ún márùn-ún ṣẹ́ márùn-ún kù, ẹ̀wá méje ṣẹ́ méje kù, mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn pátápátá sì wà níbẹ̀. Tí a bá kó àwọn àṣẹ́kù yìí jọ, 1 àti 4 àti 4 àti 5 àti 7 àti 9, ó di 30. Ènìyàn mẹ́sàn-án tún lè pín 30 ní mẹ́ta mẹ́ta, kó ku mẹ́ta. Nítorí náà, tí a bá fi 9 pín 144,579, mẹ́ta ni yóò ṣẹ́kù. A mọ̀ ọ́n láìpín in rárá, kìkì pé a ro àwọn àmì rẹ̀ pọ̀.

Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó gbé 5 sípò 7 kò dín nǹkan kan kù nínú àròpọ̀ àwọn àmì náà; 30 náà ni. Nọ́ńbà méjèèjì ṣẹ́ mẹ́ta kù nígbà tí a bá fi 9 pín wọn, nítorí náà tí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, àṣẹ́kù á pa àṣẹ́kù, ohun tó bá yọ gbọ́dọ̀ ṣe é pín fún 9. Ọgọ́sàn-án jẹ́ 9 lọ́nà 20. Bàbá kò sì dúró síbẹ̀. Ó rí i pé 180 jẹ́ 90 lọ́nà méjì. Tí àmì méjì tó wà ní ipò ọgọ́rùn-ún àti ipò ẹ̀wá bá gba ipò ara wọn, 90 lọ́nà ìyàtọ̀ tó wà láàárín àmì méjèèjì ni nọ́ńbà náà fi ń yí. Ìyàtọ̀ àárín 5 àti 7 jẹ́ méjì. Bó ṣe na ìka sí ojú ibi tí àṣìṣe wà nìyẹn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣírò owó. Tí ìwé owó méjì kò bá bára mu, tí ìyàtọ̀ wọn sì ṣe é pín fún mẹ́sàn-án, ibi tí àmì méjì ti gba ipò ara wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú tán o. Nínú àṣìṣe mẹ́sàn-án tó kàn ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, nǹkan bí ọ̀kan á ṣe é pín fún mẹ́sàn-án fúnra rẹ̀. Kò sì lè sọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ní ká lọ wo ìwé àwọn tó ka ènìyàn.

Mẹ́sàn-án kan náà yìí wúlò fún àròpọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń pè ní ti Òkun. Yàtọ̀ sí Kàbà-Bùnú, Ìjùmú ní 118,593 lọ́dún 2006, Mopa-Muro ní 43,760, Yàgbà Ìlà-Oòrùn ní 147,641, Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn sì ní 139,928. Mo rò wọ́n pọ̀, ó di 594,501. (Àwọn Òwòrò tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá wa kò sí níbẹ̀, abẹ́ Lọ́kọ́ja ni wọ́n kà wọ́n sí.) Ṣé mo rò ó dáadáa? Mo fi 9 yẹ̀ ẹ́ wò. Kàbà-Bùnú ṣẹ́ 3 kù, Ìjùmú kò ṣẹ́ nǹkan kan kù, Mopa-Muro ṣẹ́ 2, Yàgbà méjèèjì ṣẹ́ 5 àti 5. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 15, tó ṣẹ́ 6 kù. Ẹ ro àmì 594,501 pọ̀: 24, òun náà ṣẹ́ 6 kù. Ó bára mu. Ká ní kò bára mu ni, ì bá dájú pé mo ti ṣì í. Ẹni tó bá ń ṣọ́jà lè dán èyí wò lẹ́yìn ìwé owó rẹ̀, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

A ti rí i pé 144,579 kò ṣe é pín dọ́gba fún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n 30 ṣe é pín fún mẹ́ta, nítorí náà nọ́ńbà wa náà ṣe é pín fún mẹ́ta: ó jẹ́ 3 lọ́nà 48,193. Ibi tí ó ti wá le nìyí. 48,193 yìí ńkọ́, ǹjẹ́ òun náà ṣe é pín?

Àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò sí ohun tó lè pín wọn dọ́gba àfi ọ̀kan àti àwọn fúnra wọn. Irú wọn ni 2, 3, 5, 7, 11 àti 13. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní nọ́ńbà aláìṣeépín. Gbogbo nọ́ńbà yòókù ni a lè tú palẹ̀ di àwọn aláìṣeépín wọ̀nyí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń gbà tú. Eratosthenes, tí wọ́n bí sí Sáírínì ní ilẹ̀ tó di Líbíyà lónìí, tó sì jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé ńlá Àlẹ̀kisáńdíríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti igba ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n ń yìn fún ọ̀nà tí a fi ń wá wọn. Wọ́n ń pè é ní asẹ́ Eratosthenes, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí bí ẹni ń sẹ́ ògì ló rí: à ń jọ̀ gbogbo ohun tó ṣe é pín fún 2 dànù, lẹ́yìn náà èyí tó ṣe é pín fún 3, lẹ́yìn náà 5, títí tó fi jẹ́ pé àwọn aláìṣeépín nìkan ló máa kù.

Láti mọ̀ bóyá 48,193 ṣe é pín, kò pọn dandan ká dán gbogbo nọ́ńbà wò. Tí nọ́ńbà méjì bá lọ́po ara wọn di 48,193, ọ̀kan nínú wọn kò lè tó 220, nítorí 220 lọ́nà 220 ti di 48,400, ó ti kọjá. Àwọn aláìṣeépín tí kò tó 220 jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Iná ti lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tan àtùpà, mo jókòó ti bébà àti bírò, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje ṣẹ́ 5 kù. Mọ́kànlá ṣẹ́ 2 kù, mẹ́tàlá náà ṣẹ́ 2 kù. Nígbà tí mo dé 61, mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ 3 kù. 79 tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ṣẹ́ 3 kù. Lẹ́yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdí rẹ̀: 48,190 jẹ́ 10 lọ́nà 61 lọ́nà 79. Nọ́ńbà wa kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo bá a dé 211, tó jẹ́ ìkẹtàdínláàádọ́ta, òun náà ṣẹ́ 85 kù. Kò sí ohun tó pín in. 48,193 jẹ́ aláìṣeépín.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé nọ́ńbà mẹ́rin péré ló lè pín 144,579 dọ́gba: 1, 3, 48,193 àti òun fúnra rẹ̀. Tí a bá ní ká pín gbogbo ènìyàn Kàbà-Bùnú sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba fún iṣẹ́ ìlú, ọ̀wọ́ mẹ́ta la lè ṣe. Méjì kọ̀, mẹ́rin kọ̀, márùn-ún kọ̀, mẹ́wàá kọ̀.

Ẹ wá gbé Mopa-Muro sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 43,760 kò tó ìdá mẹ́ta Kàbà-Bùnú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ 80 lọ́nà 547, ogún nọ́ńbà ló sì lè pín in dọ́gba. Ó ṣe é pín sí ọ̀wọ́ méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógún, ogún, ogójì, ọgọ́rin, títí lọ. Yàgbà Ìlà-Oòrùn tilẹ̀ tún yàtọ̀: 13 lọ́nà 41 lọ́nà 277. Títóbi nọ́ńbà kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe ṣe é pín tó.

Ẹyọ kan tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn wá dà? 144,580, tí ì bá jẹ́ iye wa ká ní wọ́n ka ọmọ kan sí i, ṣe é pín fún nọ́ńbà méjìlá: 1, 2, 4, 5, 10, 20, 7,229, 14,458, 28,916, 36,145, 72,290 àti òun fúnra rẹ̀. Orí ẹnì kan ṣoṣo ló sọ mẹ́rin di méjìlá. Mo rò ó títí, ẹ̀rín pa mí.

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi. Ká ní a to àwọn ènìyàn náà bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń tò ní pápá, kí gígùn àti ìbú dọ́gba. A óò tò wọ́n ní 380 sí 380, ìyẹn 144,400, 179 ni yóò sì dúró sẹ́yìn láìríbi tò sí. 179 kan náà tí a rí nígbà tí a fi ogún wọn nọ́ńbà náà nìyẹn! Kì í ṣe èèṣì. 380 jẹ́ ogún mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógún lọ́nà mọ́kàndínlógún jẹ́ 361, nítorí náà irinwó 361 ló wà nínú àwọn tó tò náà. Ogún irinwó sì ń di ẹgbàárin kan; 361 irinwó yóò fún wa ní ẹgbàárin méjìdínlógún àti irinwó kan, bó ṣe wà nínú òǹkà wa gẹ́lẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí la fẹ́ fi títú nọ́ńbà palẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ti fi fóònù san owó rí ti jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Lọ́dún 1977, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Rivest, Shamir àti Adleman, lo nọ́ńbà aláìṣeépín láti fi dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹnikẹ́ni lè sọ aláìṣeépín méjì di ìlọ́po ara wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ìlọ́po náà fún ọ láìsọ àwọn méjì tó bí i, kí o wá wọn rí ni iṣẹ́. 3 àti 48,193 gba mí ní alẹ́ kan pẹ̀lú bírò. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ owó àti àṣírí lónìí máa ń ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè fi irú ọ̀nà tí mo gbà yẹn tú wọn palẹ̀. Àwọn aláìṣeépín kò sì ní tán láéláé. Wọ́n kàn ń ṣọ̀wọ́n sí i bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi ni: láyìíká ibi tí 144,579 wà, nǹkan bí ẹyọ kan nínú méjìlá ló jẹ́ aláìṣeépín.

Ìkànìyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe lóṣù karùn-ún ọdún 2023 kò wáyé, wọ́n sún un síwájú. Ti ọdún 2006 ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ iye tí wọ́n kà ní Kàbà-Bùnú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n kà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà ti dàgbà tó ẹni tí ń dìbò.

Ní ti lẹ́tà wa, akọ̀wé tún un kọ, ó fi 144,579 síbẹ̀, ó sì gbé e fún Bàbá kó yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó buwọ́ lù ú. Bàbá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà náà, ó fi ọwọ́ kọ ọ́ pé: ọ̀kẹ́ méje, ẹgbàajì àti ẹgbẹ̀ta ó dín mọ́kànlélógún. Ó ní ẹni tó bá tún fẹ́ gbé 7 sípò 5, kó wá gbé èyí.